Ilà Ojú Mi Lára Ère Èsìẹ́

Láti Òmù-Àrán ni èmi àti ọmọọmọ mi ti wọkọ̀ lọ sí Èsìẹ́. Ẹ̀wù Arsenal ló wọ̀. Kò dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí o!

Ẹ̀yin òǹkàwé, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀. Ọdún 1933 ni òyìnbó alábẹ̀wò ilé-ìwé kan, Ramshaw, ròyìn wọn fún ìjọba. Wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀kan dirun bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ọ̀kan dé fìlà, òmíràn kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Ilà wà lójú ọ̀pọ̀ wọn.

Ọmọ yìí wo ère, ó wo ojú mi. "Bàbá àgbà, àṣé àwọn èèyàn pàtàkì náà máa ń kọlà?"

Mo ní ta ló sọ pé wọn kì í kọ ọ́. Ó ní nínú fíìmù, dìndìnrìn àti ará oko ni wọ́n máa ń fi ẹni tó kọlà ṣe.

Kí ni n bá wí? Yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi mí ṣe l'Ékòó ni kò jẹ́ kí n kọlà fún bàbá rẹ̀.

Níta, ó ní òun fẹ́ yà mí ní fọ́tò. Kí n tó mọ̀, mo ti gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ kọjú sí mi dáadáa, Bàbá àgbà."