Kìnnìún Orí Òpó

Ọ̀rẹ́ mi kan a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọrùn ni yóò pa mí, nítorí n kì í wo iwájú bí mo bá ń rìn nígboro. Òkè ni mo máa ń wò. Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí mo ti ra kámẹ́rà kékeré kan, ó di àṣà mi lọ́jọ́ Sátidé láti gba Bẹẹrẹ lọ sí Mápó, kí n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà Ọba. N kì í ra nǹkan kan níbẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ojú títì ni mo ń wá, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í san owó kí ó tó wò. Mo ti ya ògiri kan tí wọ́n kọ "Má tọ̀ síbí" sí. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò gbà pé ọ̀rọ̀ nìkan tó, ó ya àdá ńlá kan sí abẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán lẹ́nu àdá. Ẹ gbà mí gbọ́, orí àdá náà gan-an ni wọ́n ti ń tọ̀!

Ṣùgbọ́n kìnnìún sìmẹ́ńtì ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà dé Èkó ní bí ọdún 1840 àti lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mú irú ọnà ara ilé bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn ọmọṣẹ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ bírikìlà wọn, ó sì wọ ìlú òkè. Nígbà tí owó kòkó wá dé, ọlọ́lá wo ni yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní fẹ́ kí kìnnìún máa ṣọ́ ọ? Bírikìlà tí yóò mọ ọ́n kò sì rí kìnnìún rí. Ajá ló rí, ológbò ló rí, ènìyàn ló rí jù.

Ní 2016, wọ́n wó ilé Fernandez ní Tinúbú, l'Ékòó. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba sì ti sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wó, ta ni yóò bá kìnnìún aláìlórúkọ wí? Adébísí Àkànjí, bírikìlà lòun náà tẹ́lẹ̀, kí ó tó bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. UNESCO ti ka igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Sìmẹ́ńtì kan náà ni, orí ló yàtọ̀.

Ní 2018 ni mo rí ọ̀kan tí eyín rẹ̀ tò bí eyín ẹni tí ó lọ ya fọ́tò ọdún, tí ìrù rẹ̀ sì yí òpó ká. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo yà, nítorí òun ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan jáde sí mi.

"Ta ló rán ọ? Ṣé ẹ fẹ́ wá fi ọ̀dà pupa kọ ilé mi ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Kìnnìún yín ni mo ń yà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi nìyẹn. Ó jẹ bírikìlà lówó. Kàkà kí bírikìlà bá a jà, eyín ọkọ mi ló fi sí i lẹ́nu. Kí ọkọ mi tó ti oko dé, sìmẹ́ńtì ti gbẹ."

Lẹ́yìn náà ó ní fọ́tò ọkọ òun kan ṣoṣo tí ó kù, òjò ti bà á jẹ́. Ó ku ojú kìnnìún. Mo ṣèlérí pé n óò mú èyí tí mo yà wá.

Ìdánwò dé, ọ̀lẹ sì tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí n tó padà lọ, wọ́n sì ti gé iwájú ilé náà nítorí wọ́n ń fẹ ọ̀nà. Ọkùnrin kan níbẹ̀ ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èyí kì í ṣe ilé ọba.

Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo ti bá Ìyá. Ó mú fọ́tò náà sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò nù ún.

"Eyín rẹ̀ nìyí," ó ní. Ó tún wò ó títí. "Ìrù ńkọ́?"

Mo ní n kò yà á.