Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Bẹ̀rẹ̀ Wò

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá mi ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, n kò sì gbọ́ kí wọ́n yin ọkọ̀ kankan rí. Èmi àkọ́bí ni wọ́n fẹ́ kó jogún ṣọ́ọ̀bù náà. Ìmọ̀ Yorùbá ni mo lọ kà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti há láàárín wa bí egungun ẹja.

Nígbà tí wọ́n wá kí mi ní Coventry, mo mú wọn lọ wo àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Iwájú Jaguar E-Type ni ẹsẹ̀ wọn ti dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ títí.

"Ta ló gbẹ́ èyí?"

Mo ní Malcolm Sayer ni. Iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ló ti ṣe kó tó dé Jaguar, ìṣirò ló sì fi mọ bí ara ọkọ̀ yóò ṣe tẹ̀ tí yóò fi la atẹ́gùn kọjá wọ́ọ́rọ́. Òun náà ló ya D-Type, tó gba ipò kìíní ní Le Mans ní 1955, 1956 àti 1957. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹwà E-Type kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Iṣẹ́ ni.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1961, tí wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé ní Geneva, àwọn tó fẹ́ gùn ún wò pọ̀ débi pé Norman Dewis ní láti fi gbogbo òru wa òmíràn bọ̀ láti Coventry. Nǹkan bí £2,000 ni iye rẹ̀, bí ìdajì owó Aston Martin ìgbà náà. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní 70,000.

"Kò ní àbùkù ni?"

"Ó ní, sà. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú un, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á gbóná."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ká ní ó pọ̀ n'Ìbàdàn ni, òun ni ì bá máa bọ́ gbogbo yín!"

A ti ń jáde lọ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀.

"Sayer tí o sọ yẹn, ṣé o lè kọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rí i kà?"

Mo ní mo lè kọ ọ́.