Kí A Tó Ta Ọkọ̀ Baba

Láti ìgbà tí mo ti padà sí ẹ̀ka wa ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé níbo ni mo sá lọ fún odidi ọdún kan. Ẹnì kan ní wọ́n ní mo ti re Kánádà. Ẹlòmíràn, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ní òun gbọ́ pé Kirikiri ni mo wà, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ bí ẹni tí ń báni kẹ́dùn. Òótọ́ ni, ọ̀nà Kirikiri ni mo ń rìn ní gbogbo ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ń lọ. Ilé àna mi ni.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ó ti ń ba ìyàwó mi nínú jẹ́ láti kékeré. Ọdún 1955 ni ìjọba òyìnbó dá ọgbà ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ ní Kirikiri. Lónìí, mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn obìnrin. Àwọn Àwórì apẹja ti wà ní ìlú náà kí ẹ̀wọ̀n tó dé, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ti gba orúkọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ dárúkọ Kirikiri fún ará Ìbàdàn kan kí ẹ wo ojú rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, "ọmọ wọ́dà" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó ní baba òun kì í ṣe wọ́dà, apẹja ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń di imú bí ó bá ti wọ kíláàsì. Bí ó ṣe di ọmọ Àpápá nìyẹn. Èmi pàápàá, nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ, Àpápá ni ó sọ fún mi. Ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa, àwa àti àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà nínú bọ́ọ̀sì, a kọjá Àpápá, bọ́ọ̀sì kò dúró. A kọjá Ajégúnlẹ̀, a kọjá Olódì, bọ́ọ̀sì kò dúró. Nígbà tí a rí ògiri gíga àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà yọ fìlà, ó ní, "Ọmọ yìí, ta ni a fẹ́ lọ gbà sílẹ̀?"

Àna mi ọkùnrin re ọ̀run ní ọdún 2021. Ó fi ọkọ̀ onípákó gígùn kan sílẹ̀, àti ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 15, àti àwọ̀n mẹ́ta, àti ìgèrè bí ogún. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin ni ó ń fi wọ́n pẹja títí di oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Kò pẹ́ tí lítà epo kan fi kọjá 550 náírà ní Èkó, ó sì so ọkọ̀ náà mọ́ èbúté, ó ní ẹja kò mọ̀ pé epo ti wọ́n. Ọdún yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ Yunifásítì sún owó ìwé sókè. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi, a sì ní ọmọ méjì. Bí ọkùnrin kan tí ń kó yanrìn ṣe wá bá wa nìyẹn, ó ní òun yóò ra ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi bíró ṣírò owó ọkọ̀ náà sórí ìwé. Ó tó owó ìwé mi ọdún méjì, ó sì ṣẹ́ kù.

Ìyàwó mi kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí Ológè lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá dé, kí ẹ tà á."

Ojú yóò tì mí díẹ̀ láti sọ èyí tó kàn yìí, pàápàá níwájú olùkọ́ tí ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Èdè àwọn apẹja ni mo yàn láti kọ iṣẹ́ náà lé lórí. Mo ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti wá ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè mi. Mo ti san owó ọkọ̀, mo ti ra ọtí fún àgbàlagbà mẹ́ta. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, orí ibùsùn kan náà ni a jọ ń sùn. Kò sọ fún mi pé òun mọ ohunkóhun, èmi náà kò sì bi í.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹsàn-án ni a gbéra. A fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò baba rẹ̀, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dún. Èmi wà láàárín pẹ̀lú ìkòkò, ìrẹsì àti ìwé ìkọ̀wé mi. Ní òdìkejì wa ni èbúté Tin Can wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ òkun dúró sí bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ rántí pé ní ọdún 1975, ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì wá dí ẹnu ọ̀nà Èkó pa títí tí wọn kò fi ríbi já ẹrù sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977. Kirikiri náà gba tirẹ̀: èbúté àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ń kó ẹrù, àti àwọn àgbá epo ràbàtà-ràbàtà. Àna mi a máa wí pé ẹja tó bá ṣì ń gbé ibẹ̀, kí a má wulẹ̀ fi epo dín in, epo ti wà nínú rẹ̀.

A ba ẹ̀yìn Fẹ́sítáàkì kọjá, a kọjá Sátílátì, a kọjá Ìjẹgún. Bí a ṣe ń sún mọ́ Òjó ni ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó ki ọwọ́ bọ omi, ó tọ́ ọ wò. "Ó ti dùn," ni ó wí. Mo bi í pé kí ló dùn. Ó wò mí bí ẹni tí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní bi ní ìbéèrè. Nígbà ẹ̀rùn, omi òkun a máa gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, iyọ̀ a sì wọ inú omi títí lọ sókè. Nígbà òjò, omi odò láti òkè a máa tì í padà. Ẹja tó bá fẹ́ iyọ̀ a tẹ̀lé iyọ̀, èyí tí kò fẹ́ ẹ a sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé omi odò. Apẹja tí kò bá tọ́ omi wò, àwọ̀n lásán ni ó ń fọ̀. Koríko orí omi náà ń wo iyọ̀, èyí tí ń tanná aláwọ̀ àlùkò, tó ti ìhà Àjàṣẹ́ wọ omi Àgbádárìgì ní ọdún 1984. Bí iyọ̀ bá dé, a kú. Bí òjò bá dé, a tún bo gbogbo omi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi bíró yẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́n omi." Mo wo ilẹ̀ ọkọ̀, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi.

Bí wákàtí mẹ́ta ni a lò kí a tó wọ ọ̀sà Ológè. Ẹ̀yin tí ń gba títì Àgbádárìgì kọjá lójoojúmọ́, ẹ kò mọ̀ pé irú omi báyìí wà nítòsí yín. Odò tí ń ṣàn bọ̀ láti apá Ọ̀tà àti Adó-Odò ni ó ń bọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi dùn. Àwọn ilé iṣẹ́ Àgbárá wà ní ìhà kan, ṣùgbọ́n ní ìhà tí a lọ, ọ̀pẹ àti esùsú nìkan ni. Baba Ègùn kan, ọ̀rẹ́ àna mi, ní abà kan níbẹ̀, tí a fi ọparun gbé dúró sórí omi, tí a fi ewé bò lórí. Ọdọọdún ni àwọn méjèèjì máa ń pàdé níbẹ̀ nígbà òjò. Bí baba náà ṣe rí ọkọ̀ lókèèrè, ó dìde. Bí ó ṣe rí ẹni tí ń tu ú, ó tún jókòó. Kò kí wa títí a fi so okùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, a ta àwọ̀n méjì, a sì ta okùn gígùn tí ìwọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹ̀gún. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìdẹ? Ọṣẹ! Ọṣẹ ìfọṣọ tí a gé wẹ́wẹ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní kí n dúró dòwúrọ̀.

Ní òwúrọ̀ ni ọ̀ràn dé. Afẹ́fẹ́ òru ti gbé koríko náà wá, odindi erékùṣù kan, ó sì ti wọ́ mọ́ àwọ̀n kan. Bí ó ṣe ń lọ ni ó ń fa àwọ̀n lọ. Ìyàwó mi pa ẹ́ńjìnnì nítorí kí ó má ba à lọ́ mọ́ koríko, ó mú àdá, ó dọ̀bálẹ̀ sí imú ọkọ̀, ó ń gé e. Mo rò pé ó yẹ kí ọkùnrin ṣe nǹkan. Mo dìde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ omi ti mọ èyí tó kù. Ọkọ̀ gbé ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì bá ara mi nínú omi, koríko lórí, koríko lọ́rùn. N kò mọ omi í wẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ ni mí.

Ohùn kan ni mo gbọ́. "Má jà! Mo ní má jà! Na ọwọ́ rẹ. Di etí ọkọ̀ mú. Má gùn ún, dì í mú!"

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ gbọ́ mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni a ti fẹ́ra, obìnrin yìí kò sọ "o" sí mi rí. "Ẹ" ni ní yàrá, "ẹ" ni nínú ìjà. Mo wà nínú omi tó ń wá ẹ̀mí mi, ìró ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí létí ketekete. Ìyàlẹ́nu rẹ̀ ni ó mú mi dákẹ́ jẹ́jẹ́, mo sì di etí ọkọ̀ mú títí ó fi wà mí dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀. Àwọ̀n náà ya sí méjì, ìdajì bá koríko lọ.

Nígbà tí a padà dé abà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá Bọ́lá. N kò mọ ìgbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀." Mo ní kí ó dìde, aṣọ mi ń kán, kí ni mo fẹ́ bínú sí?

Okùn ọlọ́ṣẹ pa ẹja. Àrọ̀ mẹ́rìnlá àti ọ̀bọ̀kún mọ́kànlá ni a ká lórí rẹ̀, àwọ̀n tó kù sì kó epìyà. Mo fẹ́ ran ọwọ́, mo gbá ọ̀bọ̀kún kan mú bí ẹni gbá ọmọ mú, ó sì fi ẹ̀gún ìhà rẹ̀ gún mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ìrora náà kò lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Baba Ègùn rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹja ń gbẹ lórí wáyà, èéfín ń lé ẹ̀fọn, baba yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó bi ìyàwó mi pé ọdún wo ni ó bá baba rẹ̀ wá gbẹ̀yìn. Ó ní ọdún tí òun wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni. Ẹ̀yin ti mọ ìdí rẹ̀: kò fẹ́ kí ẹja máa rùn lára òun mọ́. Baba náà ní, "Láti ìgbà yẹn, baba rẹ kì í di ẹrù sí imú ọkọ̀. Bí ẹrù ṣe pọ̀ tó, àárín ni yóò tò ó sí. Mo bi í nídìí rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni ọmọ òun ń jókòó."

Ìyàwó mi kò fèsì. Ó mú ọ̀bẹ, ó jáde lọ sínú òkùnkùn lọ ń họ ìpẹ́ epìyà tó ti họ tán lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Àìkú ni a padà. Ẹja tí a tà ní èbúté Kirikiri jẹ́ 47,500 náírà, epo sì ti gba 23,000 níbẹ̀, láìka àwọ̀n tó ya. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá fi bíró ṣírò rẹ̀, ẹ ó ní kí a tà á. Ohun tí ìyàwó mi náà wí nìyẹn! Bí a ṣe ń gun òkè èbúté, ó ní, "Ẹ pe ọ̀gbẹ́ni oníyanrìn kí ó wá." Mo ní n kò pè é. Ó ní ìwé mi ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi jà, òun ń jà kí n lè kàwé, èmi ń jà kí ọkọ̀ má lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka wa pé n kò ní lè wá ní ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ 2023/2024. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Ajégúnlẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi tún ọkọ̀ kàn, ó fi àjẹ̀ pẹja nítòsí, ó ń fi ẹ́ńjìnnì lọ sí Ológè ní ìgbà tí owó epo bá wà, a sì ń pín ohun tó bá rí. Ìpín wa kì í pọ̀. Nígbà tí ọdún pé, ó kún owó ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, mo sì padà.

Kí ẹ má rò pé gbogbo nǹkan ti yí padà. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìyàwó mi ti ń kọ́ni, ọmọ Àpápá ni ó ṣì ń pe ara rẹ̀. N kò bá a sọ ọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kí ó máa sọ "o" sí mi nílé, ó ní kí n má kó ẹ̀sín bá òun lójú ìyá mi.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, a tún lọ. Bọ́lá ni ó jókòó sí imú ọkọ̀. A kò tíì dé ẹ̀yìn Fẹ́sítáàkì tí ìyá rẹ̀ fi kígbe láti ìdí ọkọ̀ pé, "Gbọ́n omi!" Mo wẹ̀yìn wò bóyá ọmọ ni ó ń bá wí. Èmi ni.

Mo mú igbá.