Ọ̀nà Àbíjàn: Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Láti Ọlá

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ní ìlú Ọlá, ní agbègbè Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n bí mi sí, ọmọdé a máa gbọ́ orúkọ Àbíjàn kí ó tó gbọ́ ti Àbújá. Bí ẹnìkan bá kí àlejò pé "ẹ káàbọ̀" ní agbo ilé wa, ẹlòmíràn lè fi "bonne arrivée" tì í lẹ́yìn. Owó séfà kì í ṣe àjèjì ní ọjà Èjìgbò, bọ́ọ̀sì sì ń gbéra níbẹ̀ tààrà lọ sí Ivory Coast, bí ẹni ń lọ sí Ìbàdàn.

Síbẹ̀, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí n tó fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ọ̀nà náà. Àwa mẹ́rin la jọ lọ: èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, èkejì tó jẹ́ tíṣà, àti ẹ̀kẹta tí wọ́n bí sí Treichville ní Àbíjàn, tí Faransé yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Nọ́ọ̀sì, Tíṣà àti Ọmọ Treichville ni n ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Oníkálukú gbé báàgì àgbékẹ́yìn kan, a sì jọ ṣe àdéhùn pé a kò ní wọ bọ́ọ̀sì tààrà. Bọ́ọ̀sì tààrà a máa gba orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá nígbà tí èrò inú rẹ̀ ń sùn. Àwa fẹ́ fi ojú wa rí ohun tí àwọn bàbá wa fi ẹsẹ̀ là kọjá.

Ẹrù kan wà nínú báàgì mi tí kì í ṣe tèmi. Ìyá àgbà di irú àti ègúsí sínú ọ̀rá, ó fi fìlà aṣọ òkè kan lé e, ó ní kí n gbé e fún àbúrò òun tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àbíjàn. Bàbá náà kò tíì wálé láti ìgbà ogun tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbò ọdún 2010 níbẹ̀. Ilé tí ó ń kọ́ ní Ọlá kò tíì ní òrùlé; koríko ti hù nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó máa ń gbé fóònù bí a bá pè é, ṣùgbọ́n kì í gbà kí a rí ojú òun nínú fídíò.

"Má bi í léèrè ilé," ni Ìyá àgbà wí. "Ṣáà wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí o wá sọ fún mi bí ó ti rí."

Ẹnu Ọ̀nà Tí A Kì Í Gbà Padà

A gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọ Bẹ̀nẹ̀. Ní Kútọnu, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan yí wa ká, Ọmọ Treichville sì ná owó títí ohùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há mọ́ ọn lọ́fun. Ní ọjọ́ kejì a yà sí Pọ́tó-Nófò, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Àjàṣẹ́. Ìyá kan tó ń ta àkàrà níbẹ̀ gbọ́ èdè wa, ó sì béèrè pé ọmọ ibo ni wá. Yorùbá rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀, ṣùgbọ́n èènì tó fi sí i fún wa kò yàtọ̀ rárá.

Ouidah ni ó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu wa. Láti àárín ìlú dé etí òkun tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀ ojú omi nígbà kan rí. Oòrùn mú, báàgì wúwo, Tíṣà sì ń ṣe àlàyé ìtàn fún wa bí ẹni wà ní iwájú kíláàsì. Nígbà tí a dé ìdí ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ sétí òkun ní ọdún 1995, tí wọ́n pè ní Ẹnu Ọ̀nà Tí A Kì Í Gbà Padà, ó dákẹ́. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sórí iyanrìn. Mo ronú kan Bàbá Àbíjàn, mo sì bá ara mi wí: ẹni tó ní fóònù, tó ní owó ọkọ̀, kí ló lè dí i lọ́nà ilé?

Ọ̀rọ̀ Yẹ́lò Káàdì

Bí a ti wọ Tógò, a yí aago wa padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ààlà Ghana sún mọ́ Lomé tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè jẹun ní olú-ìlú kan kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè wa ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí Tíṣà mú dání, ó ní ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, pé kò wúlò mọ́. Lóòótọ́, ọdún 2012 ni ó gbà á, nígbà tí ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà. Òṣìṣẹ́ náà ní kí ó san owó tàbí kí ó padà. Ọwọ́ Tíṣà ti ń lọ sápò, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi náà ni mo ní kí ó san án kí a lè máa lọ. Nọ́ọ̀sì ló kọ̀. Ó fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ fún ọ̀gá náà pé láti oṣù keje ọdún 2016 ni òfin ìlera àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, ìbáà jẹ́ pé káàdì rẹ̀ ti pẹ́. Wọ́n ní kí a jókòó. A jókòó fún wákàtí méjì nínú oòrùn, Tíṣà kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá mìíràn dé, ó wo káàdì náà, ó ní kí a máa lọ. A kò san kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín kí ẹ tó gbéra. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn àjọ ECOWAS ti fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ òmíràn, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá pé. Owó séfà kan náà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Ivory Coast. Ghana nìkan ni ẹ ó ti pààrọ̀ sí sídì.

Takoradi

Ní Ghana, a rí ilé olódi Elmina tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1482, ṣùgbọ́n Takoradi gan-an ni ọkàn mi ń lọ. Níbẹ̀ ni bàbá àgbà mi ti tajà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ó kó ohun tí ó lè kó, ó padà sí Ọlá, kò sì pẹ́ tí òun àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ fi tún di ẹrù, ó di Àbíjàn. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù lọ nígbà náà ni a ṣì ń pè ní Ghana-Must-Go títí di òní. Mo wá àdúgbò bàbá àgbà kiri, n kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní Treichville

Lẹ́yìn ẹnubodè Noé, igi ọ̀pẹ àti oko rọ́bà gba ojú ọ̀nà kan. A sun oorun ọjọ́ kan ní Grand-Bassam, olú-ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn Faransé ní níbẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti wọ́ lọ sí ẹ̀wọ̀n ní oṣù kejìlá ọdún 1949 láti béèrè ìdáǹdè àwọn èèyàn wọn. Níbẹ̀ ni a ti jẹ attiéké àti ẹja. Wọ́n á rin gbágùúdá, wọ́n á jẹ́ kí ó kan, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á wá fi ooru omi gbígbóná sè é. Gààrí ni à bá pè é, bí kò bá ṣe pé wọn kì í yan án.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ọmọ Treichville mú wa dé ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Bàbá Àbíjàn jókòó sórí àpótí níta. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ojú ẹ̀gbọ́n mi rèé."

Ìsọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo ọjà tirẹ̀ lọ nígbà ogun. Ọmọṣẹ́ tí ó kọ́ níṣẹ́ ni ó ń bá tajà báyìí. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun gbogbo. N kò bi í léèrè ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀.

"Ẹni tó ń ti Àbíjàn bọ̀, aṣọ àti owó ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀," ni ó wí. "Bí mo bá kó ọwọ́ òfìfo wọ̀lú, kí ni wọn yóò máa pè mí?"

Mo rántí ìbéèrè tí mo bi ara mi ní Ouidah, ojú sì tì mí. Ó tú ẹrù náà, ó gbóòórùn irú, ó dé fìlà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n ya fọ́tò kan. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ó tún fìlà náà ṣe, ó ní kí n yà á.

Nígbà tí mo padà dé Ọlá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá àgbà, n kò bu iyọ̀ sí i. Ó di fóònù mi mú fún ìgbà pípẹ́. "Ó ti wá jọ bàbá wa," ni ó wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo bá a nínú ilé tí kò ní òrùlé yẹn, òun àti kápẹ́ńtà kan. Wọ́n ti ro koríko pálọ̀, wọ́n sì ń wọn páànù tí yóò tó bo yàrá kan ṣoṣo.

Bàbá Àbíjàn kò tíì sọ pé òun ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pè é lálẹ́ ọjọ́ náà, fídíò ni ó fi gbé e.