Ọwọ́ Òsì Àǹtí Mi

Nílé ìyá ìyá mi l'Óṣogbo, o ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, olówó òsì ni wọ́n láti kékeré. Ìyà tí wọ́n jẹ lórí ẹ̀ kò kéré. Nígbà tó yá, wọ́n dọ́gbọ́n sí i: òsì ni wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́, òsì ni wọ́n fi ń kọ̀wé, àmọ́ tí àgbà bá na nǹkan sí wọn, ọ̀tún ló máa jáde.

Mi ò mọ̀ pé ọgbọ́n yìí máa kó bá wa ní London.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ fa ọwọ́ òsì wọn wọlé. Oríkèé kan lọ lára ìka ìfábẹ̀là, ìka àárín sì gan, kò ká mọ́.

Owó kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, Industrial Injuries Disablement Benefit. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì sọ bí ìpalára náà ṣe tó nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ọ̀pọ̀ ìpalára, tí kò bá tó 14%, kò sówó. Ti Àǹtí jáde ní 10%.

Mo ní kí wọ́n béèrè ìwé àyẹ̀wò náà. Mo kà á lálẹ́ bí mo ṣe ń ka kóòdù ẹlòmíì, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Òfin ní àtẹ kan: oríkèé kan lára ìka ìfábẹ̀là, 9%, gbogbo ìka náà, 14%. Ìyẹn ni pé 1% péré ni dókítà fún gbogbo ìyókù. Kí ló dé? Ó kọ ọ́ pé ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n, pé wọ́n fi ọ̀tún gba bírò, wọ́n fi gba omi, láìsí ìnira.

Mo pè wọ́n. "Àǹtí, ọwọ́ wo lẹ fi gba omi lọ́wọ́ dókítà?"

"Ọ̀tún kẹ̀! Ṣé kí n fi òsì gbà á ni? Kó lè sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dùn mọ́ mi nínú.

Wọn ò fẹ́ ká ṣe nǹkan kan. "Ta ló ń bá ìjọba jà nílùú onílùú?" Mo ní a ò jà, à ń tún àṣìṣe ṣe ni. Oṣù kan la ní láti ní kí wọ́n tún ìpinnu náà yẹ̀ wò. Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ, èébú ló kún inú ẹ̀. Mo pa á rẹ́. Tí app mi bá bàjẹ́, ẹni tó ń bú mi kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tó sọ ibi tó ti bàjẹ́ ni mo lè dá lóhùn. Mo tún un kọ: gbólóhùn yìí, ojú ìwé yìí, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí rèé. A fi lẹ́tà physiotherapist tó wọn agbára ọwọ́ náà sí i, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì: bọ́tìnnì, kọ́kọ́rọ́, ọ̀bẹ.

Wọ́n ní ìpinnu àkọ́kọ́ dúró.

Oṣù kan mìíì la ní láti gbé e lọ sí tribunal. Mo sọ òótọ́ fún Àǹtí pé tribunal lè dín in kù pàápàá. Wọ́n rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. "10% tí ò fún mi ní kọ́bọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ dín kù níbẹ̀?"

Lọ́jọ́ náà, dókítà tó jókòó ti adájọ́ na bírò sí wọn pé kí wọ́n kọ orúkọ wọn. Ọ̀tún jáde. Ọkàn mi já. Àmọ́ wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n gbé bírò náà sí òsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kò tíì dé ìdajì orúkọ tí bírò fi já bọ́. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú sà, ọ̀tún ni wọ́n kọ́ mi pé kí n fi máa gba nǹkan. Òsì ni mo fi ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n fún wọn ní 16%.

Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nílé yín, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó sunkún, kẹ́ ẹ sì ka ọjọ́ tó kù.

Nígbà tá a délé, Àǹtí bu ìrẹsì fún mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi gbé e fún mi, èmi tí wọ́n pọ̀n dàgbà.