Láti Orí Iyanrìn dé Ẹsẹ̀ Olúmọ

Ilẹ̀ Ìgbẹsà kò ní òkúta. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga níbẹ̀ yóò bá iyanrìn, yóò bá amọ̀, omi yóò sì ru sókè kí ọkọ́ rẹ̀ tó kan ohunkóhun tó le. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Àwórì, láti Ọ̀tà títí dé etí ọ̀sà: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àbàtà rẹ̀ sì pọ̀. Òkúta tí àwa ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ ni èyí tí típà ń já sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́lé. Nígbà tí ilé-ìwé wa kó wa lọ wo àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, n kò gbọ́ ìdajì ohun tí ẹni tó ń mú wa káàkiri ń sọ. Mo gbé ọwọ́ lé ara àpáta, mo rí i pé oòrùn ti mú un gbóná, mo sì dúró síbẹ̀ títí olùkọ́ fi wá fà mí lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bí àyè bá ti yọ, ọ̀nà Abẹ́òkúta ni mo ń kọrí sí.

Ọ̀nà ọ̀hún ò rọrùn. Ìgbẹsà sí Lúsàdá, Lúsàdá sí Àtàn, Àtàn sí Ọ̀tà, tírélà ló ni ín. Ẹrù àwọn ilé-iṣẹ́ Agbára ń gba ibẹ̀, ti ọgbà òwò Ogun-Guangdong tó wà ní Ìgbẹsà náà ń gba ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà a sì máa yọ̀ láàárín wọn. Abẹ́ afárá Sàngó lè gba odindi òwúrọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tètè jí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá la Sàngó já, tó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń lọ, yóò rí i pé ilẹ̀ náà ń le sí i. Ní Ìfọ̀, iyanrìn ṣì ni. Ní Ewékorò, òkúta ẹfun ti wà nísàlẹ̀, òun ni wọ́n ń wà jáde láti 1960 tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìkarahun ẹran omi wà nínú òkúta náà, torí pé òkun ló bo ibẹ̀ kó tó di pé ẹ̀dá ènìyàn kankan dé ilé ayé. Lẹ́yìn Ìtòrí àti Wásinmi, òkúta mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí nínú oko ẹ̀gẹ́, dúdú, ràbàtà, bí erin tó dùbúlẹ̀. Àgbẹ̀ kì í bá a jà, ó ń kọ ebè yí i ká ni. Ká tó gba Ìta-Ọ̀ṣìn dé Lafẹ́ńwá, ká tó sọdá odò Ògùn, òkúta ti wọlé tọ àwọn èèyàn lọ. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó wà lẹ́bàá ọjà, wọ́n ń sá aṣọ sórí rẹ̀, ọmọdé ń yọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀.

Àwọn ìwé tí wọ́n fi ń pe àlejò wá sí Olúmọ kì í yé tẹnu mọ́ mítà 137. Iye náà kò burú, àmọ́ láti ojú òkun ni wọ́n ti kà á. Ilẹ̀ tí ìlú tẹ̀dó sí ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó kù ni Olúmọ. Ẹni tó bá fi iye yẹn sọ́kàn wá láti Èkó yóò dé ìdí àpáta, yóò máa wò ó pé ṣé èyí náà nìyí. Àbùkù ni wọ́n fi ń kan òkúta tó lẹ́wà. Iyì rẹ̀ wà nínú bó ṣe gbára lé ara rẹ̀: òkúta lórí òkúta, tí ti òkè yọ síwájú ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ di ilé.

Inú ihò tó wà lábẹ́ àpáta náà kò ga. Ẹni tó bá ga díẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ orí ba. Wọ́n fi amọ̀ pín in sí yàrá yàrá, ó sì máa ń tutù ní ọ̀sán gangan. Nílẹ̀, lára òkúta gan-an, àwọn ojú ihò kéékèèké kan wà, róbótó, tí inú wọn ń dán. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin tí ogun lé wá ti ń lọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ sè. Mo máa ń ti ìka bọ̀ wọ́n. Ọwọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ló gbẹ́ wọn, ọwọ́ ìyá kan tí ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá ogun yóò tún dé kí oúnjẹ tó jinná. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi han àlejò lórí Olúmọ, n kò rí èyí tó tó ojú ihò wọ̀nyí.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ogun lé àwọn Ẹ̀gbá, Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn, kó wọn dé ní 1830, àpáta sì dáàbò bò wọ́n. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan ṣáájú rẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé abúlé oko ará Ìtòkò kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé àwọn oníṣòwò tó ń ti Òkè-Ògùn bọ̀, tàbí tó ń lọ síbẹ̀, ni wọ́n ń sinmi níbẹ̀. Àgbẹ̀ ló ṣáájú jagunjagun débẹ̀. Èrò ọ̀nà tó ru ẹrù, tí ẹsẹ̀ ń ro, ti sùn ní sàkáání àpáta yìí kí Ṣódẹkẹ́ tó dé. Mo fẹ́ kí ìtàn máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Wọ́n tún máa ń kó ogun Dàhòmì mọ́ Olúmọ. Nígbà tí ọmọ ogun Dàhòmì dé ní 1851, Ṣódẹkẹ́ ti kú, Ẹ̀gbá kò sì sá sábẹ́ òkúta mọ́. Odi ìlú ni wọ́n dúró tì, níhà ẹnubodè Àrò, ibẹ̀ ni wọ́n ti lé wọn padà. Wọ́n tún lé wọn ní 1864. Ẹni tó bá gbé ìṣẹ́gun náà fún àpáta ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tó kú nítorí rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ojúbọ. Wọ́n ṣì ń bọ Olúmọ. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀jẹ̀ ẹran ṣì wà lára òkúta, ilẹ̀kùn ojúbọ náà kì í sì í ṣí fún àlejò, bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà èwe mi, àwọn ìyá àgbà ń gbé orí àpáta yìí. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí wọn á gba àdúrà, àdúrà gígùn tí wọ́n ń ki àpáta mọ́, tí n kò lè tún sọ lónìí. Àwọn ọmọ wọn ti di onígbàgbọ́, àwọn kan ti di mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ ti wà l'Ékòó. Àlejò á bá àwọn ìyá àgbà náà ya fọ́tò, á fún wọn lówó, á sì sọ̀kalẹ̀ láìbéèrè ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ fún ẹni tí orúnkún ń dà láàmú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹnìkan gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú àwọn àgbà tó kù, kó jókòó tì wọ́n, kó jẹ́ kí wọ́n ki Olúmọ tán lẹ́nu ara wọn. Òkúta kò ní lọ síbì kan. Àwọn tó mọ oríkì rẹ̀ ń lọ.

Ọ̀nà àtijọ́ ni mo ń gbà gòkè. Ó gba àárín òkúta méjì kan tó há, tí èèyàn ní láti yí ẹ̀gbẹ́ kó tó kọjá, tí aṣọ á sì máa ha òkúta lẹ́yìn. Ní òkè, páànù tó ti pọ́n ló kún gbogbo ojú. Ilé ìsìn Pétérù Mímọ́ wà ní Aké, odò Ògùn ń dán lọ́nà jíjìn. Aké, Ìjẹ̀mọ̀, Ìtòkú, Ìgbẹìn, Kẹ́ńtà, Ìkìjà: ìlú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú igbó Ẹ̀gbá kí ogun tó fọ́ wọn. Àwọn tó yè gbé orúkọ ìlú wọn dání, wọ́n sì fi sọ ibi tí wọ́n pàgọ́ sí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn láti fi ẹsẹ̀ rin Abẹ́òkúta nígbà tí oòrùn bá rọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èèyàn á ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, láìrí ohun tó pààlà wọn ju ẹni tó ń yan àgbàdo lọ.

Ní Ìtòkú, àwọn aládìrẹ ń palẹ̀ mọ́. Mo kí ìyá kan pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, màmá, ẹ kú ọjà." Ó ní, "A dúpẹ́ o, ẹ ò ní kọjá lọ báyìí." Ó fa adìrẹ ẹlẹ́kọ kan yọ lábẹ́ àwọn aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀ ná. Òórùn aró ni, ó wọ imú bí ewé tó ti kẹ̀. Ó ní aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ kò lè ní in, pé làfún ni àwọn fi ń ro ẹ̀kọ tí àwọn ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ kó tó wọnú aró. Mo rà á. Làfún náà ni mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ewédú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo padà sí Lafẹ́ńwá. Ọkọ̀ ṣì ń wọlé láti Ìṣẹ́yìn, wọ́n ń já èlùbọ́ sílẹ̀ ní àpò àpò, àwọn alájàpá sì ti tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù wọn. Òkè-Ògùn ló ṣì ń sọ̀kalẹ̀ wá sinmi níbí, gẹ́gẹ́ bí ìwé Johnson ṣe wí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí ibi tí mo ti wá. Nígbà tó gbọ́ Ìgbẹsà, ó dìde jókòó. Ó ní ọjà Lúsàdá ni ẹrù òun ń lọ, ṣé ọ̀nà Àtàn dára? Mo sọ ibi tí kòtò wà fún un, mo sì sọ fún un pé kó kúrò ní Lafẹ́ńwá kí aago márùn-ún tó lù, torí Sàngó.