Wọ́n Ní Kí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ju Oògùn Rẹ̀ Nù

Bí ẹ bá gba ọjà Mowe kọjá láàárọ̀ kùtù, ẹ óò rí ìyá kan tó ń wọn láfún, tí á kọ́kọ́ na ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lè gbá kóńgò mú. Ẹni ọdún 59 ni. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà ńbẹ̀ á rò pé làkúrègbé lásán ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún jù bẹ́ẹ̀ lọ o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ní 2021 ni ìyá yìí rí kókó kan nínú ọmú òsì rẹ̀. Kókó náà kò dùn ún, ìyẹn ni kò fi kà á sí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Ìfọ̀, tó máa ń bá a ra láfún, ló fà á lọ sí ọsibítù. Jẹjẹrẹ ni! Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n fa oògùn sí i lára títí irun orí rẹ̀ fi re tán. Ìyá ṣe bí ó ti parí. Àfi bí dókítà ṣe na páálí oògùn kan sí i, letrozole ni wọ́n ń pè é: hóró kan lójúmọ́, fún ọdún 5 gbáko.

"Ọdún 5, Dókítà? Ṣebí ẹ ti gé e?"

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Irú jẹjẹrẹ ọmú kan wà tó jẹ́ pé èròjà obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn ni oúnjẹ rẹ̀. Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, ilé ẹyin rẹ̀ ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, ilé ẹyin á ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ara, pàápàá ọ̀rá, á ṣì máa sọ èròjà mìíràn di ẹ́sítírójìn. Aromatase ni orúkọ alásè tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ara. Òun gan-an ni letrozole, anastrozole àti exemestane ń dè lọ́wọ́. Bí alásè bá kúrò nídìí ààrò, ebi á pa àlejò burúkú. Tamoxifen ní tiẹ̀ kì í lé alásè, ẹnu àlejò ló ń dí.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Ní 1896 ni dókítà George Beatson ti Glasgow kọ̀wé pé òun yọ ilé ẹyin obìnrin, jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ sì súnkì. Ní 1995 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí anastrozole, letrozole tẹ̀ lé e ní 1997. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọmú ló ń jẹ oúnjẹ yìí. Èyí tí kì í jẹ ẹ́ pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju ti òyìnbó lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yẹ ẹran tí wọ́n gé náà wò kí wọ́n tó fúnni ní oògùn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá bẹ̀rẹ̀ oògùn, orúnkún di igi, ìka ọwọ́ kò ká mọ́, ooru ń mú un lóru bí ẹni wà lẹ́bàá iná. Oníbàárà rẹ̀ kan láti Ìbàfò wá sọ̀rọ̀ sí i létí: "Ìyá mi, wọ́n ti gé e, kí lẹ tún ń gbé májèlé mì fún? Ẹ jù ú nù jàre." Owó oògùn náà ń jẹ èrè ọjà. Ìyá dákẹ́, ó sì dáwọ́ oògùn dúró. Oṣù 4 ni kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò gbé láfún dé láti Ìfọ̀, ó na ọwọ́ sínú àpò òfìfo, páálí oògùn 4 ló bá níbẹ̀, a ò tíì já ìkankan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi?"

"Ṣé ìwọ ni egungun ń dùn ni?"

"Kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń wẹ̀ yín nígbà tí ẹ ti tíátà dé."

Ìyá kò lè fèsì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì wọ mọ́tò, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà kò jágbe mọ́ wọn. Ó ní ọ̀pọ̀ obìnrin ni ìrora oríkèé ń mú kó pa oògùn tì, bẹ́ẹ̀ kí wọ́n wá sọ ọ́ ló dára, nítorí jẹjẹrẹ lè padà wá. Ó pààrọ̀ oògùn sí anastrozole. Ó ní kí ìyá máa rìn dáadáa lójoojúmọ́, kí wọ́n yẹ egungun rẹ̀ wò nítorí oògùn náà lè jẹ́ kó fúyẹ́, ó sì kọ káṣíọ̀mù àti fítámì D fún un.

Orúkún ṣì ń dùn ún o, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ kó tó patẹ, á rìn dé ẹ̀bá títì márosẹ̀, á padà.

Ní 1997 tí jẹjẹrẹ ọmú mú Betty Anyanwu-Akeredolu, kò fi pamọ́. Ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ kí àwọn mìíràn lè gbọ́. Ẹ̀yin ìyá wa, bí oògùn bá ń ni yín lára, dókítà ni kí ẹ sọ fún, kì í ṣe oníbàárà.

Lálaalẹ́ ni fóònù máa ń dún láti Ìfọ̀. "Ẹ ti lò ó?" Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ á mi páálí oògùn lẹ́nu fóònù, kí àbúrò rẹ̀ lè gbọ́ ọ.